"I am agree" kó ìtìjú bá mi: báwo lẹ ṣe ń sọ èrò yín ní Gẹ̀ẹ́sì?

ỌmọAkaba_Kétu (ọjọ́ Ajé, àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kétu ní ilẹ̀ Benin tó ń sọ Faransé ni mo wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nítorí iṣẹ́ kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Àjọ kan tó ń gbẹ́ kànga fún àwọn abúlé ni. Òkè òkun ni owó wọn ti ń wá, nítorí náà ẹni tó gbọ́ Yorùbá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń wá. Faransé lọ geere. Yorùbá, inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ó wá kan Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin kan bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn ará abúlé máa san owó díẹ̀ lórí omi. Mo ní "According to me, I am agree." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní kí n ṣàlàyé. Mo ní "I am agree because I am agree."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò burú. Èmi náà ti rín in tán.

Orí bá mi ṣe é, wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọn ò ní béèrè orúkọ bàbá mi mọ́, ìjíròrò ni a máa ṣe, àwa bíi mẹ́rin yí tábìlì ká. Ọdún méje gbáko ni mo fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé girama. Mo mọ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe oníwàhálà yẹn láti "arise" dé "write", mo lè kà wọ́n bí orin. Ṣùgbọ́n kí n sọ pé "lójú tèmi o", tàbí "ẹ gbà mí láyè kí n ta kò yín díẹ̀", ẹnu mi á gbẹ. Ẹ kọ́ mi ní ohun tí èèyàn ń sọ ní ti gidi.

Dẹ́rẹ́bà_Ìgòló

Àbúrò, má yọ ara ẹ lẹ́nu. "I think" ti tó. Láti Ìgòló sí Ìdírókò ni mo ń ná lójoojúmọ́, "I think" pẹ̀lú "no wahala" ni mo fi ń bá kọ́sítọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Ọkọ̀ mi ò tíì sùn sí bọ́dà.

Ìmẹ́kọ_Boy

Ẹ̀rín pa mí. "I am agree because I am agree"! Ìdí tó lágbára nìyẹn o.

Ẹ má bínú, àǹtí mi. Nǹkan méjì kíákíá. "According to" wà fún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn: "according to the doctor", "according to my father". Èèyàn kì í fi ṣe ti ara ẹ̀, ó máa ń dà bíi pé o ń tọ́ka sí ìwé tí ìwọ fúnra ẹ kọ. "In my opinion" ni kẹ́ ẹ sọ. Èkejì, "agree" kò nílò "am". "I agree." Ó parí.

Kì í ṣe ẹ̀bi yín náà. Ìmẹ́kọ tiwa ní Nàìjíríà àti Kétu, ọmọ ìyá ni wá, abẹ́ Alákétu ni àwọn bàbá wa wà. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ló jókòó ní 1889 tí wọ́n fa ilà sáàárín wa. Ká ní ilà yẹn gba ẹ̀yìn ilé tiwa kọjá ni, èmi náà ì bá máa sọ "I am agree" lónìí.

Tíṣà_Àtijọ́ (ọjọ́ Ajé, ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi bàbá arúgbó yìí kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ilé-ìwé girama lápá Àjàṣẹ́ àti Sákẹ́tẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, "I am agree" sì ni ọ̀tá mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ tí mo gbé báàgì mi kúrò ní kíláàsì.

Ọmọ mi, jẹ́ kí n fi ibi tí o ti kọsẹ̀ hàn ọ́. "Je suis d'accord." O rí "suis" yẹn? Òun ló gbé "am" wá. O ronú ní Faransé, o wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì bò ó lórí. Wàyí o, fi Faransé sílẹ̀ ná, sọ ọ́ ní Yorùbá: "Mo gbà." Mo, gbà. I, agree. Ọ̀rọ̀ méjì sí ọ̀rọ̀ méjì, kò sí "jẹ́", kò sí "wà" láàárín wọn. Ká ní ilé lo ti gbéra ni, o ò bá má ṣubú. Ohun tí mo ń bá àwọn ọmọ kíláàsì mi jà lé lórí nìyí fún ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n rò pé nítorí pé Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ jẹ́ èdè òyìnbó, ọ̀kan ni àkàsọ̀ tí a fi ń gun èkejì. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ọ̀rọ̀ èrò sísọ yìí, ìgbà púpọ̀ ni Yorùbá sún mọ́ ọn ju Faransé lọ.

Gbọ́ àwọn wọ̀nyí. "Lójú tèmi": in my view. View, ohun tí ojú rí, a kò tíì kúrò lójú. "Ó jọ lójú mi pé": it seems to me that. "Bí ẹ bá bi mí": if you ask me. "Níwọ̀n bí mo ṣe mọ̀": as far as I know. "Kí n má parọ́": to be honest. "Mi ò rò pé ó tọ́": I don't think it's right. Wo ti ìkẹyìn yìí dáadáa. A kì í sábà sọ pé "mo rò pé kò tọ́" bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀, a máa ń gbé "kò" wá síwájú "rò". Ohun kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe. "I think it's not right" kì í ṣe àṣìṣe, àmọ́ ó le bí igi.

Dẹ́rẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́ o. "I think" tó lóòótọ́ fún bọ́dà. Tábìlì tí èèyàn mẹ́rin jókòó yí ká yàtọ̀ sí bọ́dà.

Òkè_Sábẹ

Tíṣà, ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ara ọmọ Kétu lè tù ú.

Sábẹ ni mo wà, owó kékeré kan ni mo fi ń ra kaṣú jọ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tí mo wá ń tà fún oníbàárà. Lọ́dún kan, ọkùnrin kan láti òkè òkun wá wo ọjà. Mo ti múra sílẹ̀, mo ní gbólóhùn kan tí mo há sórí pé kaṣú tiwa gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó wọ àpò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bu. Mo sọ ọ́ tán. Ọkùnrin náà mi orí, ó ní: "I couldn't agree more."

Èmi gbọ́ "couldn't". Mo gbọ́ "agree". Mo ní ó ti tán, kò gbà. Mo tú ìwé mi ká, mo ń dupẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò burú, ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire. Ó ń wò mí bíi wèrè. Àbúrò mi tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fà mí láṣọ létí pé "Ẹ̀gbọ́n, ó gbà pátápátá! Ó ní òun ò lè gbà jù báyìí lọ!"

Èdè wo ló ń fi "kò lè" sọ pé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìmẹ́kọ_Boy

Àwa náà ń ṣe é o, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá ní "kò sí ohun tí mo lè fi kún un", ṣé ẹ kọ̀ ni?

Òkè_Sábẹ

Ó dáa. Ẹ ti mú mi.

Ìyá_Aláṣọ_Wàńdò (ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjọ́. Ọjà Wàńdò níbí ní Àjàṣẹ́ ni mo ti ń taṣọ. Ti Òkè Sábẹ yẹn rán mi létí nǹkan.

Oníbàárà kan wá, ọmọ Gánà ni, ó bọ́ sí ìdí léèsì mi kan. Ó béèrè iye. Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́fà. Ó fọwọ́ pa aṣọ náà, ó fọwọ́ pa á, ó wá ní "I'm afraid it's too expensive." Mo mọ "afraid", wọ́n ti kọ́ mi: ẹ̀rù ń bà mí. Mo bá fi ọwọ́ lé e léjìká bí ọmọ, mo ní "Don't fear, sir. No thief here. Market is good." Ọkùnrin náà wò wọ́ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ra aṣọ náà ní ẹgbẹ̀rún méjìlá. Mo jèrè, ṣùgbọ́n títí dòní mi ò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Tíṣà_Àtijọ́

Ìyá mi, kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó ń bọ̀wọ̀ fún yín ni.

Ẹ jẹ́ kí n jókòó sí orí èyí díẹ̀, nítorí ibí ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà wà. Tí àwa bá fẹ́ sọ ohun tí kò ní dùn létí àgbà, kí la máa ń kọ́kọ́ wí? "Ẹ má bínú o." Kò tíì ṣẹ̀ yín, ẹ kò tíì bínú, àmọ́ a ti ń bẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú, ó ti wọ́n jù." "I'm afraid" tí oníbàárà yẹn wí, "ẹ má bínú" ló túmọ̀ sí. "I'm afraid I don't agree": ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

Nísinsìnyí, kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi nílò gbogbo àyíká yìí? Àwa ní "ẹ". Faransé ní "vous". Bí mo bá ní "Mi ò gbà fún yín, Bàbá", ọ̀wọ̀ ti wà nínú "yín", mo lè sọ ohun tó le lẹ́yìn ìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀ nígbà kan rí. "Thou" ni "o", "you" ni "ẹ". Bíbélì tí Ọba James ní kí wọ́n túmọ̀, èyí tó jáde ní 1611, kún fún "thou". Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń fi "you" pe gbogbo ènìyàn kí wọ́n má bàa rí ẹnikẹ́ni fín, títí "thou" fi kú lẹ́nu wọn. Òyìnbó ń pe ajá rẹ̀ ní "ẹ" lónìí! Àmọ́ bí gbogbo ènìyàn bá ti jẹ́ "ẹ", "ẹ" kò níyì mọ́. Ni ọ̀wọ̀ bá ṣí kúrò níbẹ̀, ó lọ bá "would", "might", "perhaps", "I'm afraid" gbé.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ wa tó kọ́ ìwé dáadáa fi lè bá òyìnbó sọ̀rọ̀ láìṣi ọ̀rọ̀ kan, síbẹ̀ tí wọ́n á máa sọ pé ó le lẹ́nu. Ó rò pé òun ti sọ "ẹ" nígbà tó ní "you". Wọn kò gbọ́ ọ.

ỌmọAkaba_Kétu

Tíṣà, orí mi wú. Ẹ máa wò ó, nígbà tí obìnrin yẹn bi mí léèrè, ó ní "Would you say that..." Mo rò pé ó ń béèrè bóyá màá *sọ* nǹkan kan lọ́la. Àṣé ó ń kúnlẹ̀ fún mi ni!

Tíṣà_Àtijọ́

Kò kúnlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ díẹ̀ ni. Ìwọ náà tẹ̀ padà: "I would say that..." Ó rọ̀ ju "I say" lọ lọ́nà mẹ́wàá.

Dẹ́rẹ́bà_Ìgòló

Ẹ gbà mí láyè o. Mo bọ̀wọ̀ fún Tíṣà. Ṣùgbọ́n "perhaps", "might", "I'm afraid", "would", gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà! Tí ọmọbìnrin yìí bá wọlé tó ń rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n á ní kò ní ẹ̀yìn. Èèyàn tó fẹ́ gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ní ibùdókọ̀, ẹni tó bá ní "ó jọ pé ìwọ lo kàn" kì í rí èrò gbé. "Èmi ni mo kàn!" ló ń gbé èrò.

Ìmẹ́kọ_Boy

Bàbá Dẹ́rẹ́bà, ẹ̀yin lẹ jàre lórí èyí, mo sì máa sọ ìdí. Mo ti ṣe IELTS, ìdánwò tí wọ́n fi ń wo bí èèyàn ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Ti ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn kì í ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá lọ, ìpín kẹta rẹ̀ ló sì jẹ́ ìjíròrò lórí èrò, bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹni tó kọ́ mi ní Abẹ́òkúta máa ń pariwo lé mi lórí pé: "O ti rọ̀ ọ́ tó! Kí lo rò gan-an?" Mo á ní "Perhaps it might be possible that in some cases..." Ó á fọwọ́ gbá tábìlì.

Ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí ni pé mo máa ń lo ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ẹyọ kan péré, lẹ́yìn náà mo máa fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lórí tèmi. "I see your point, but I think the money should come first." Mo ti gbà pé mo gbọ́ ẹ, mo ti sọ tèmi. Lẹ́yìn náà ni "because". Òun ló ṣe pàtàkì jù. Àǹtí, "because" tiyín ni kẹ́ ẹ tún ṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún "With all due respect" o. Ẹ̀dá tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn, èébú ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Bíi kí alágbà kan gbé fìlà ẹ̀ wálẹ̀ kó ní "Tótó o, ṣebí òwe." Ojú ti ń le. "I beg to differ" náà, àwa ará Nàìjíríà fẹ́ràn rẹ̀ lórí rédíò àti ní ilé ẹjọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ má sì sọ "In my humble opinion" láéláé. Orí fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í sì í humble.

Òkè_Sábẹ

Kí ni "I hear what you say"? Ẹni tó bá mi ra kaṣú lọ́dún tó tẹ̀ lé e máa ń sọ ọ́ ṣáá. Mo rò pé ó dára.

Tíṣà_Àtijọ́

Bí o bá bá bàbá rẹ sọ pé o fẹ́ ra ọ̀kadà, tó mi orí, tó ní "Mo ti gbọ́", ṣé ó ti gbà?

Òkè_Sábẹ

Háà. Ọ̀kadà yẹn ò wá títí dòní.

ỌmọAkaba_Kétu (ọjọ́ Ọjọ́rú, alẹ́)

Mo ti kọ tèmi sílẹ̀. Ẹ bá mi wò ó, ẹ má ṣàánú mi:

"In my view, the villagers should pay small money, because when the pump is free, nobody repairs it when it spoils. I see your point, but it depends of the village. I'm afraid the old people cannot pay. Actually, many villages have no money because the harvest is not yet sold."

Tíṣà_Àtijọ́

Ọmọ mi, mo dìde dúró níbi tí mo jókòó sí. "Because" rẹ ti di ènìyàn.

Mo fọwọ́ kan ibi mẹ́ta péré. Àkọ́kọ́, "depends of" jẹ́ Faransé, "dépend de". "It depends on the village" ni. Má wá ìdí rẹ̀, há a sórí. Èkejì, "small money". Gbogbo Nàìjíríà á gbọ́ ọ, àmọ́ níwájú wọn, "a small amount".

Ẹ̀kẹta ló léwu jù, nítorí kò dà bí àṣìṣe. "Actually." O fẹ́ sọ "actuellement", ní báyìí, lọ́wọ́lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́ bẹ́ẹ̀. "Actually" túmọ̀ sí "rárá o, bó ṣe rí gan-an nìyí". Ó ń tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe. Fi ojú inú wò ó: àgbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, ìwọ dá a lóhùn pẹ̀lú "Actually...". O ti já a nírọ́ lójú gbogbo èèyàn, ìwọ sì rò pé ò ń sọ̀rọ̀ nípa ìkórè. "At the moment" ni kí o fi síbẹ̀. Gbogbo ọmọ tó ti ọ̀dọ̀ Faransé wá ló ń jìn sí ọ̀fìn yìí. Mo ti jìn sí i lójú ọ̀gá àgbà kan tó wá bẹ̀ wá wò, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi lọ.

Dẹ́rẹ́bà_Ìgòló

"Harvest is not yet sold." Ìyẹn dùn mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tòótọ́. Mo yọwọ́.

Ìmẹ́kọ_Boy

Kékeré kan: àǹtí, bẹ́ ẹ bá ń sọ "think", ẹ má sọ "sink". Ẹ̀yin tí Faransé tọ́ ni ẹ ń ṣe é. "I sink so" túmọ̀ sí pé ẹ ti ń rì. Àwa ń sọ "tink", kò tọ̀nà, àmọ́ kò sí ẹni tó máa ju okùn sí wa.

Fún etí yín, ẹ lọ wá "6 Minute English" ti BBC Learning English. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni, àwọn méjì ló máa ń jíròrò. Má wo ohun tí wọ́n ń sọ, máa ka iye ìgbà tí wọ́n ní "I suppose" àti "I'd say".

Tíṣà_Àtijọ́ (ọjọ́ Ọjọ́bọ̀)

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo gbàgbé, ó sì jẹ́ ibi tí Yorùbá fúnra rẹ̀ ti máa tàn ọ́. Mo ti yìn ín jù láti ọjọ́ Ajé, kí n jẹ́wọ́.

Bí mo bá bi ọ́ pé "O ò gbà?", tí o kò sì gbà lóòótọ́, kí lo máa dáhùn? "Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò gbà." Òótọ́ ni mo sọ, o jẹ́rìí sí i. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. "You don't agree?" Bí o kò bá gbà: "No, I don't." Bí o bá dáhùn "Yes" tí o sì dákẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé o gbà. Mo ti rí ìpàdé tí wọ́n fi "yes" kan ṣoṣo dìbò fún ohun tí ẹni náà kórìíra.

Ọgbọ́n tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi: gbàgbé ìbéèrè náà. Wo ẹnu ara rẹ. Bí "don't" bá wà nínú ìdáhùn rẹ, "No" ni kó ṣáájú. Má sì fi "Yes" tàbí "No" sílẹ̀ ní òun nìkan, so gbólóhùn mọ́ ọn.

Ọlọ́run á bá ọ lọ lọ́jọ́ náà. Jẹun kí o tó jáde, ebi kì í jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì yọ.

ỌmọAkaba_Kétu (ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, ìrọ̀lẹ́)

Mo ti dé o. Mo wà nínú ọkọ̀, a ti kọjá Pobè, mo ń fi ọwọ́ kan kọ ọ́.

Àwa mẹ́rin ni lóòótọ́, obìnrin àkọ́kọ́ yẹn sì jókòó síbẹ̀. Ó rántí mi, mo rí i lójú rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀: ta ni kó máa tọ́jú owó omi ní abúlé? Ọkùnrin kan lára àwa tó ń wá iṣẹ́ ní baálẹ̀ ni. Gbogbo wọn ń mi orí. Ọ̀rọ̀ wá yíjú sí mi. Mo ní "I see your point, but I would say a committee is better, because if the chief keeps the money alone and the pump spoils, people will not know who to ask." Kò sí "am agree". Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó dà bíi ti ẹlòmíràn.

Ọ̀gá wọn wá tẹ̀ síwájú, ó bojú wò mí, ó ní: "So you don't think the chief should keep it?"

Ẹ̀yin èèyàn mi. "Yes" ti wà lórí ahọ́n mi. Mo ti ní "Ye..." Mo rí Tíṣà tí n kò rí rí láyé mi. Mo gbé e mì. Mo ní "No, I don't. I'm afraid some people would talk behind him." Obìnrin yẹn tún kọ nǹkan sílẹ̀, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n ní àwọn máa pè. Ẹ bá mi gbàdúrà.

Òkè_Sábẹ

Ọmọ Kétu tòótọ́! I couldn't agree more!

Ìmẹ́kọ_Boy

"Talk behind *his back*", àǹtí. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni. Ẹ kú oríire.

Ìyá_Aláṣọ_Wàńdò

Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pè ọ́, ọmọ mi. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tèmi náà ṣì wà nílẹ̀. Àwọn oníbàárà Gánà yẹn máa ń gbé ọmọ wọn wá. Wọ́n á máa wo aṣọ, ọmọ á bọ́ bàtà gun orí léèsì mi. Mi ò lè pariwo lé ọmọ oníbàárà lórí. Kí ni mo lè wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀?

Tíṣà_Àtijọ́

Ìyá mi, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ẹ wá ní: "I'm afraid your son is standing on my lace."

Ìyá_Aláṣọ_Wàńdò

Mo ti ní kí ọmọ mi fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti pọ̀ jù ńkọ́?